Ẹsẹ̀ Tìrìmísíyù àti Ẹja Ṣẹ̀rífátù

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà, kó rọra máa jẹ ẹ́, kí n má baà gbàgbé ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín kò ní ẹranko tó ń sọ̀rọ̀ nínú, kò sì ní ọba. Télọ̀ kan ló wà nínú rẹ̀, àti ìyàwó rẹ̀, àti ìyá rẹ̀, àti ọmọ kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù, àti ẹja yíyan. Ọjọ́ kan péré ló gbà. Bí mo bá parí rẹ̀ tí inú bá ń bí yín, ẹ má bínú sí mi. Èmi náà bínú nígbà tí mo gbọ́ ọ.

Ìkòròdú ni, ní àdúgbò Lásùnwọ̀n, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba lórí wa. Owó orí ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa bí ẹni pé ilé ìwòsàn mẹ́wàá ló wà nílùú. Dìsìpẹ́nsárì kan ló wà. Oògùn ikọ́, oògùn inú rírun àti ìpara kúrúnà ni wọ́n ń fúnni níbẹ̀, inú ìgò kan náà ló sì jọ pé wọ́n ti ń bu gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí dókítà, kó lọ sí Èbúté, kó wọ ọkọ̀ ojú omi, kó kọjá sí Èkó. Nítorí náà, bí nǹkan bá ṣe ọmọ ẹni, ọwọ́ tó wà nínú ilé ni à ń wò.

Kúlúsúmù ni orúkọ ìyàwó télọ̀ náà. Bísíríyù ni ọkọ rẹ̀. Tìrìmísíyù ni ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tó ga bí igi ọ̀pẹ, tó sì máa ń dúró sẹ́nu gólì fún ilé ìwé rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́ wá bá wọn gbá bọ́ọ̀lù, ọ̀kan nínú wọn ti sáré lu orúnkún rẹ̀, orúnkún sì yẹ̀. Wọ́n gbé e wálé pẹ̀lú orin, nítorí pé bọ́ọ̀lù náà kò wọlé. Bísíríyù wo orúnkún ọmọ, ó ní kò gbọdọ̀ mì rárá. Ó mú igi yáàdì tó fi ń wọn aṣọ, ó fi àjákù aṣọ dì í mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ ti wà lórí ẹní tí kò dìde, tí ìyá rẹ̀ ń gbé póò fún un bí ọmọ ọwọ́.

Orúnkún tó wú bẹ̀rẹ̀ sí fọn. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ orúnkún, lẹ́yìn ẹsẹ̀ níbi tó sanra, bẹ̀rẹ̀ sí wú.

Ní òwúrọ̀ Alàmísì tí mò ń sọ yìí, Bísíríyù ti jáde lẹ́yìn àdúrà Àsùbáà. Kò sọ ibi tó ń lọ fún ìyàwó rẹ̀. Kúlúsúmù ń gbálẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó rí nọ́ọ̀sì dìsìpẹ́nsárì, Leah, ọmọ àwọn apẹja Ìlàjẹ tó wà létí ọ̀sà, tó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde nílé kejì, níbi tó ti wá wo abiyamọ tuntun. Kúlúsúmù ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó sáré lọ di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà mú.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ dákun, ẹ bá mi fojú kan ọmọ mi."

"Ìyá, abiyamọ mìíràn ń dúró dè mí lókè lọ́hùn-ún."

"Ẹ fojú kàn án lásán. Ẹ má tilẹ̀ jókòó."

Leah wọlé. Nígbà tó rí igi yáàdì, ó dúró.

"Ta ló di eléyìí mọ́ ọn?"

"Bàbá rẹ̀ ni. Igi iṣẹ́ rẹ̀ ni."

Leah tú àjákù aṣọ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó rọra fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ náà, ẹsẹ̀ gbóná, ó le, awọ ara rẹ̀ ń dán bí ìgbà tí wọ́n fi epo pa á. Ó wo ọ̀tún wo òsì, ó rí okùn ìwọnṣọ tí Bísíríyù fi kọ́ ara ẹ̀rọ ìránṣọ, ó mú un, ó fi wọn ẹsẹ̀ méjèèjì. Èyí tó wú fi ìka mẹ́rin ju èkejì lọ.

"Tìrìmí, ṣé o ń wúkọ́?"

"Rárá, Nọ́ọ̀sì. Ẹsẹ̀ nìkan ló ń dùn mí. Bí ìgbà tí okùn bá fún un ló rí."

Leah fa Kúlúsúmù jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀.

"Ìyá Tìrìmí, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Orúnkún kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹsẹ̀ tí a so mọ́lẹ̀ tí kò mì yìí, ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan rẹ̀. Ibi tó dì sí náà ni kó wà títí dókítà á fi rí i. Bí ẹnikẹ́ni bá wọ́ ẹsẹ̀ yìí, tó bá tẹ̀ ẹ́, tó bá fi aṣọ gbígbóná jó o, ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn lè já, kó gòkè lọ sí àyà. Ọmọ tó ń bá yín sọ̀rọ̀ á dìde jókòó lójijì bí ẹni tí wọ́n pè. Á wúkọ́. Á di àyà mú, òógùn á bò ó. Ẹ ò ní ráyè pe ẹnikẹ́ni. Mo ti rí i lójú ara mi ní Èkó. Ẹ gbé e ní ìdùbúlẹ̀ lọ sí Èbúté, kí ọkọ̀ ojú omi ọ̀sán gbé e lọ."

"Ṣé ẹ ò ní dúró kí ẹ sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀?"

"Obìnrin tó ń rọbí kò mọ ìdúró, Ìyá. Ẹ̀yin náà ní ẹnu. Ẹ sọ ọ́ fún un."

Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ. Kúlúsúmù dúró sójú kan pẹ̀lú okùn ìwọnṣọ lọ́wọ́, ó ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ lẹ́nu bí ọmọ kéwú tó ń há wàláà sórí.

Kò tíì há a tán tí ó fi gbọ́ ariwo lójú ọ̀nà.

"Ẹ káàbọ̀ o, Ìyá Ẹ̀pẹ́! Ọlọ́wọ́ ẹ̀rọ̀! Ẹ wá bá mi wo ọrùn mi kí ẹ tó lọ o!"

Ìyá ọkọ rẹ̀ ni àwọn aládùúgbò ń kí, Rọ̀kíbátù, tí gbogbo Lásùnwọ̀n ń pè ní Ìyá Ẹ̀pẹ́. Èbúté ni Bísíríyù ti lọ pàdé rẹ̀. Ó ti ránṣẹ́ sí i láti ọjọ́ mélòó kan láìwí fún ìyàwó. Àpẹ̀rẹ̀ wà lórí Bísíríyù, Ìyá Ẹ̀pẹ́ ń rìn níwájú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lófo, bó ṣe máa ń rìn. Ọwọ́ yẹn kì í ru ẹrù. Ìka rẹ̀ gùn, ó rọ̀, ó sì lágbára. Ọmọ tí ó ti fi ọwọ́ náà wọ́ láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìkòròdú kò lóǹkà. Abiyamọ tí inú rẹ̀ kò fọn, ọrùn tó há, ẹ̀yìn agbẹ́yanrìn tó ń ro, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń wá. Kúlúsúmù fúnra rẹ̀, ọwọ́ yẹn ló jó o nígbà tó bí Tìrìmísíyù. Kò lè sọ pé ọwọ́ náà kò dára.

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Ìyá. Ẹ kú ewu ọ̀sà."

"Ọkọ mi dà?" Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ń pè bẹ́ẹ̀. "Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ló ṣe é léṣe, àbí? Ó dára. Ọwọ́ Ẹ̀pẹ́ náà ni yóò mú un sàn. Dáná, Ìyàwó. Gbé omi kaná. Mo mú àdí àgbọn tuntun wá, èyí tí mo ṣe fúnra mi."

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún yín lóúnjẹ."

Kúlúsúmù rò pé òun ti rí ọ̀nà fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ nìyẹn. Bí Ìyá Ẹ̀pẹ́ bá jẹun, tó mu omi, tó nà díẹ̀, òun á ráyè bá ọkọ òun sọ̀rọ̀. Ó gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ kalẹ̀. Ìyá Ẹ̀pẹ́ fọ ọwọ́, ó ṣí ọbẹ̀, ó fi ìka kan yí ẹja tó wà nínú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wò ó lẹ́yìn, ó wò ó níkùn.

"Ta ló yan ẹja yìí?"

Kúlúsúmù wo ilẹ̀.

"Ìyàwó, mo ní ta ló yan án? Ìrù rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ wọ ẹnu yìí, obìnrin kan ṣoṣo ló ń ká ẹja báyìí láti Ẹ̀pẹ́ dé ibí. Ṣé Ṣẹ̀rífátù kọ́ nìyí?"

"Òun náà ni, ẹja rẹ̀ ló dára jù ní Èbúté, Ìyá…"

"Ìwọ fi ẹja Ṣẹ̀rífátù bọ́ ọmọ ọmọ mi!" Ó ti àwo ọbẹ̀ náà sí iwájú ewúrẹ́. "Bísíríyù! Wá wo ohun tí wọ́n ń fi bọ́ ẹ nínú ilé yìí! Ẹni tó pa ọkọ rẹ̀, tí a lé kúrò nílùú, ẹja rẹ̀ ni ìyàwó rẹ ń sè fún mi!"

Àwọn aládùúgbò ti ń na ọrùn. Ìyá Ẹ̀pẹ́ kò kó ohùn rẹ̀ mọ́ra. Ó kọ orí sí wọn, ó sọ ọ́ fún wọn bó ṣe ti máa ń sọ ọ́.

"Ẹ ò mọ Síkírù, apẹja wa? Ọkùnrin tó sán bàǹtẹ́! Ọkọ̀ ló yí lù ú lórúnkún, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Èmi ni wọ́n pè. Mo wọ́ ọ ní àárọ̀, mo wọ́ ọ ní alẹ́. Ẹsẹ̀ tó le bí igi rọ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi báyìí, báyìí. Ó ní, 'Ìyá, ara tù mí.' Ṣẹ̀rífátù ìyàwó rẹ̀ gbé ẹ̀kọ gbígbóná fún un. Kò tíì mu ún dé ìdajì tó dìde jókòó, ó wúkọ́, ó di àyà mú, ó lọ. Kí ló wà nínú ẹ̀kọ yẹn? Ẹ bá mi bi í! Èmi ni mo jẹ́rìí níwájú àwọn àgbà pé ara ọkùnrin náà ti ń yá kó tó mu ún."

"Há!" ni àwọn obìnrin wí. Ọ̀kan nínú wọn tó ra ẹja Ṣẹ̀rífátù lánàá rọra wọ ilé rẹ̀ lọ.

Kúlúsúmù wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ti gbọ́ ìtàn Síkírù bí ìgbà ogún láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ. Òní ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ó gbọ́ ọ ní àgbọ́yé.

Ó dìde, ó lọ bá ọkọ rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Bísíríyù, ẹ mọ̀ pé bí ìyàwó àti ìyá rẹ̀ bá ti ń fa ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ ló máa ń sá lọ bá. Ó ti jókòó sídìí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń lọ. Kò sí òwú lójú abẹ́rẹ́.

"Bàbá Tìrìmí, nọ́ọ̀sì wá lẹ́yìn yín."

Kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀.

"Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ́ ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ti dì níbẹ̀. Ó ní ká gbé e lọ sí Èkó lónìí."

Kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀.

"Okùn yín ló fi wọ̀n ọ́n. Ìka mẹ́rin ló fi ju èkejì lọ. Ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín. Ẹ̀yin ni ẹ mọ òǹkà rẹ̀."

Ẹ̀rọ dúró. Bísíríyù wo okùn tí ó nà sí i, kò gbà á.

"Ta ló tú igi tí mo dì?"

"Nọ́ọ̀sì ni."

"Ọmọ Ìlàjẹ yẹn, tí kò tíì bímọ, ló fẹ́ kọ́ ìyá mi níṣẹ́? Ìyá mi tó rin ọ̀sà láti òru?" Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Kúlú, kí ni mo fẹ́ sọ fún ìyá mi? Pé kó máa padà lọ? Pé ọwọ́ rẹ̀ kò dára mọ́? Bó bá jẹ́ pé ìwọ lo gbọ́ ọ, ìwọ lọ sọ ọ́ fún un."

"Èmi? Ìyàwó ilé?"

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ.

Kúlúsúmù lọ sí ìdí ààrò. Ó kó igi tútù sínú iná, èyí tí òjò pa. Èéfín gba gbogbo àgbàlá. Ó ń ṣe bí ẹni ń fẹ́ iná, ó ń wo òòrùn. Yísà wọlé wá, ọ̀rẹ́ Bísíríyù, tí kò gbá bọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kankan wáyé lẹ́yìn òun.

"Ìyá Ẹ̀pẹ́, ẹ bá wa ṣe é kíákíá o! Àwọn Ṣágámù ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí Tìrìmí kò bá sí níbẹ̀, ẹnu gólì wa á di ọ̀nà ọjà, kálukú á kàn máa gbà á kọjá ni!"

"Kó tó di Jimọ̀ tó ń bọ̀, á sáré," ni Ìyá Ẹ̀pẹ́ dáhùn. "Ìyàwó! Ṣé odò lo lọ pọn omi náà ni? Iná ilé yìí mà ń ṣe ojo!"

"Igi ló tutù, Ìyá."

"Igi tutù, ẹja burú, ẹsẹ̀ wú. Ilé ọmọ mi rèé."

Ìyá Ẹ̀pẹ́ fúnra rẹ̀ wá sídìí ààrò, ó fa igi tútù jáde, ó ki igi gbígbẹ bọ̀ ọ́. Omi hó. Kò sí ohun tí Kúlúsúmù tún lè ṣe sí omi tó ti hó.

Wọ́n gbé e wọ yàrá. Tìrìmísíyù rí ooru omi náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹní mú.

"Ìyá àgbà, ó ń dùn mí gan-an o. Ẹ ṣe é jẹ́jẹ́."

"Ọkọ mi, ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù lójú ọjà ń bẹ̀rù àdí? Fi eyín ti eyín. Á dùn ọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà á rọ̀."

Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó gbé ẹsẹ̀ ọmọ lé itan. Ó da àdí sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ọwọ́ kan ra èkejì títí tí òórùn àgbọn fi gba yàrá. Ó na ọwọ́.

Kúlúsúmù di ọwọ́ náà mú.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀. Ìyàwó ilé kì í pe ìyá ọkọ lórúkọ. Kì í jókòó sórí àga níwájú rẹ̀. Bí ìyá ọkọ bá na ìyàwó, ìyàwó á kúnlẹ̀ ni. Ní gbogbo ọdún tí Kúlúsúmù ti wà nílé ọkọ, kò tíì fi ara kan ọwọ́ yẹn rí, àfi ìgbà tí ọwọ́ náà wá bá a. Ṣùgbọ́n ó dì í mú, méjèèjì, láti ọrùn ọwọ́. Àdí náà ń yọ̀, ó tún un dì.

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ ní ọ̀ọ̀dẹ̀.

"Kúlúsúmù!" Orúkọ rẹ̀ gan-an ni Ìyá Ẹ̀pẹ́ pè, kì í ṣe Ìyàwó. "Ṣé ọwọ́ mi lo dì mú?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá. Ẹ dárí jì mí."

"Fi mí sílẹ̀!"

"Mi ò lè fi í sílẹ̀, Ìyá."

Bísíríyù ti dé ẹnu ọ̀nà, Yísà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn aládùúgbò lẹ́yìn Yísà. Ohùn kan ní, "Ó ti ya wèrè." Òmíràn ní, "Ẹja yẹn ni, ẹja yẹn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

"Kúlúsúmù, dìde kúrò níwájú ìyá mi!" ni Bísíríyù wí. Ṣùgbọ́n kò wọlé.

Kúlúsúmù kò wo ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ tó ti há sórí láti àárọ̀ ló tú jáde, láìdánudúró, bó ṣe gbọ́ ọ gan-an.

"Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú ẹsẹ̀ yìí. Ó ní bí a bá wọ́ ọ, ẹsẹ̀ á rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ yẹn lè gòkè. Ó ní ọmọ á dìde jókòó lójijì bí ẹni tí wọ́n pè. Ó ní á wúkọ́. Á di àyà mú. Òógùn á bò ó. Ó ní a ò ní ráyè pe ẹnikẹ́ni."

Nípa pé ẹsẹ̀ á rọ̀, nọ́ọ̀sì kò sọ èyí. Kúlúsúmù ló fi kún un. Kò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ọwọ́ Ìyá Ẹ̀pẹ́ tó ti ń jà nínú ọwọ́ rẹ̀ dẹ́kun ìjà.

"Nọ́ọ̀sì yẹn," ni ó bèèrè, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀, "ìgbà wo ló wà ní Ẹ̀pẹ́?"

"Kò gbé Ẹ̀pẹ́ rí, Ìyá."

"Ta ló sọ ọ̀rọ̀ Síkírù fún un?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún un. Kò mọ Síkírù."

Ewúrẹ́ ń lá àwo ọbẹ̀ lóde, wọ́n gbọ́ bó ṣe ń kan ilẹ̀. Ìyá Ẹ̀pẹ́ wo ẹsẹ̀ tó wà lórí itan rẹ̀. Ó wo ojú ọmọ náà. Ó pẹ́ tó fi wò ó. Lẹ́yìn náà ó fa ọwọ́ rẹ̀, Kúlúsúmù sì fi í sílẹ̀. Ó fi aṣọ ìró rẹ̀ nu ọwọ́ náà, ìró àrán tó wọ̀ wá sí ìrìn àjò. Ó nu àtẹ́lẹwọ́, ó nu ìka ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó nu àárín ìka, ó tún un nu nígbà tí kò sí àdí níbẹ̀ mọ́.

"Bísíríyù," ni ó wí, "wá gbé ọmọ rẹ."

Ohun tí wọ́n fi gbé e ni pákó tí Bísíríyù fi ń gé aṣọ. Wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí ẹsẹ̀ tábìlì, wọ́n tẹ́ aṣọ oníbàárà sí i, Bísíríyù gbá orí mú, Yísà gbá ìsàlẹ̀ mú. Lọ́rì kan tó ń lọ kó yanrìn ní Èbúté dúró fún wọn. Yísà ló bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀: "Rọra wà á o, gólì Ìkòròdú ló wà lẹ́yìn rẹ!" Dírẹ́bà rọra wà á.

Ní ẹ̀yìn lọ́rì, Kúlúsúmù fi itan gba orí ọmọ. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá kó sí kòtò, ọmọ á kérora. Ìyá Ẹ̀pẹ́ jókòó sí apá ẹsẹ̀. Ó ti ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ ìdí ara rẹ̀, ó jókòó lé wọn.

Ọkọ̀ ojú omi kò tíì dé nígbà tí wọ́n dé Èbúté. Wọ́n gbé pákó náà sábẹ́ òjìji. Ibẹ̀ kún fún àwọn oníyanrìn, àwọn obìnrin Ẹ̀pẹ́ tó ń dúró de ọkọ̀ tiwọn, àti àwọn ẹlẹ́ja. Ní ìpẹ̀kun, lọ́tọ̀, Ṣẹ̀rífátù jókòó ti igbá ẹja rẹ̀. Obìnrin gbígbẹ ni, tó so gèlè mọ́ iwájú orí. Nígbà tó rí Ìyá Ẹ̀pẹ́, ó fi aṣọ bo ẹja rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí kó àpótí rẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn bí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ bá ti pọ̀ ní èbúté, kí wọ́n má baà tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà rẹ̀.

Ìyá Ẹ̀pẹ́ rìn lọ bá a. Kúlúsúmù kò lè dìde nítorí orí ọmọ, ṣùgbọ́n ó rí i, ó sì gbọ́ ọ, nítorí gbogbo èbúté ló dákẹ́ gbọ́ ọ.

"Ta ẹja kan fún mi."

"Ẹja mi kì í ṣe ti ará Ẹ̀pẹ́," ni Ṣẹ̀rífátù wí. Kò gbé ojú sókè.

"Ta ọ̀kan fún mi."

Ṣẹ̀rífátù ṣí aṣọ. Ó mú ẹja kan, ó nà án sí i láìsọ̀rọ̀. Ìyá Ẹ̀pẹ́ tú etí ìró rẹ̀, ó yọ sísì kan fún un. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ gígùn yẹn ṣẹ́ ẹja náà sí méjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ẹ́, lórí ìdúró, lójú òòrùn.

"Ìyá Ẹ̀pẹ́!" Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin Ẹ̀pẹ́ kígbe. "Ẹ mà mọ ẹni tó ni ẹja yẹn!"

Kò dá a lóhùn. Ó jẹ orí rẹ̀, ó jẹ ìrù rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ wọ ẹnu. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, ó ní, "Fún mi lómi." Ṣẹ̀rífátù bu omi láti inú kete rẹ̀, ó gbé e fún un. Ó mu ún tán. Ó kọ ojú sí àwọn ará Ẹ̀pẹ́, ó sì sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn gíga kan náà tí ó fi jẹ́rìí lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún:

"Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀kọ yẹn."

Omi ń lu igi èbúté, pẹ̀ẹ́, pẹ̀ẹ́.

"Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ látọjọ́ tí mo ti pò ó," ni Ṣẹ̀rífátù dáhùn.

Ó ka tọ́rọ́ kan sí àtẹ́lẹwọ́ Ìyá Ẹ̀pẹ́, ṣéńjì rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń kà á fún oníbàárà gbogbo. Lẹ́yìn náà ó gbé àpótí rẹ̀ padà sí ibi tó wà, ó sì jókòó. Ọkọ̀ ojú omi fun fèrè lókèèrè.

Èkó ni wọ́n ti tọ́jú Tìrìmísíyù, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Iléyá bá a lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó rìn wálé. Títí dòní ó máa ń tiro díẹ̀ bí òjò bá ṣú, kò sì tún dúró sẹ́nu gólì mọ́, ọ̀ràn tí Yísà kò dárí rẹ̀ ji ẹnikẹ́ni. Ìyá Ẹ̀pẹ́ ṣì ń wọ́ ọmọ tuntun, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ẹsẹ̀ tó wú wá bá a, á ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìdí, á ní kí wọ́n máa lọ sí Èkó. Ṣẹ̀rífátù kò padà sí Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ pè é, kò lọ.

Mùsílímátù, àbúrò ìyá mi, tó ń ta àgbọn ní Èbúté lọ́jọ́ náà, ló sọ ìtàn yìí fún mi. Èyí tó ṣẹlẹ̀ létí omi, ojú rẹ̀ ló fi rí i. Èyí tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé, Kúlúsúmù ló sọ ọ́ fún un, níbi tí àwọn méjèèjì ti jókòó ti igbá ẹja Ṣẹ̀rífátù, tí wọ́n ń dúró kí ó ka ṣéńjì fún wọn.